Ọmọ tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sílé tó tún wá bẹ̀rẹ̀: ẹ yẹ ṣúgà ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó ní ibà ni

Àtọ̀gbẹ táípù 1 kì í ṣe àìsàn tó yẹ kó ṣì máa pa ọmọ láyé tá a wà yìí, àmọ́ ó ṣì ń pa wọ́n, èyí tó sì ń dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yìí ló ń lọ láìjẹ́ pé ẹnì kankan tiẹ̀ dárúkọ àìsàn náà sétí àwọn òbí wọn. Wọ́n á ní ibà ni. Wọ́n á ní táífọ́ọ̀dì ni, àbí kí wọ́n ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2022 fojú bù ú pé ní 2021 nìkan, nǹkan bí èèyàn 35,000 ló kú káàkiri àgbáyé kó tó pé ọdún kan tí táípù 1 bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára wọn, tí dókítà kankan ò sì rí i. Wọ́n fojú bù ú ni o, torí ọmọ tí wọ́n ti sin lórúkọ ibà, ìwé wo ló máa kọ ọ́ pé àtọ̀gbẹ ló pa á? Ìwádìí yẹn náà ló sọ pé ọmọ ọdún 10 tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àìsàn yìí lára ẹ̀ láwọn orílẹ̀-èdè olówó ṣì lè lo nǹkan bí ọdún 65 sí i láyé, ṣùgbọ́n láwọn orílẹ̀-èdè tó tòṣì jù, nǹkan bí ọdún 13 péré ni. Àìsàn kan náà ni o, abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n sì fi ń tọ́jú ẹ̀.

Ariwo àtọ̀gbẹ ti wá pọ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ní 2025, àjọ àtọ̀gbẹ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IDF gba táípù 5 wọlé, ìwádìí ńlá kan tún jáde lọ́dún yẹn náà lórí àwọn ọmọ Áfíríkà, àwọn ará Ítálì sì ti ṣòfin tiwọn lórí yíyẹ àwọn ọmọdé wò. Màá dé orí gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ariwo yẹn, ohun tó kéré jù lọ tó sì lè gba ẹ̀mí ọmọ là lónìí kì í sábà dé etí ìyá tó gbọ́mọ pọ̀n lọ sí kẹ́míìsì, ìyẹn ni pé kí wọ́n gún ọmọ náà níka, kí wọ́n fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan yẹ ṣúgà ẹ̀ wò kí wọ́n tó fún un ní oògùn ibà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú un kúrò lọ́kàn pé ohun dídùn tí ọmọ ń jẹ ló fà á. Táípù 2 tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀, èyí tó ń ṣe bàbá àgbà àti ìyá àgbà, òun ni ọ̀rọ̀ sísanra, àìṣeré ìdárayá àti oúnjẹ máa ń wọ̀. Táípù 1 ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa bá kòkòrò àìsàn jà ló ṣìnà, wọ́n wá kọjú ìjà sí àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó ń ṣe ínsúlínì nínú pánkíríásì, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn ikùn, wọ́n á máa pa wọ́n díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà míì fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìjẹ́ pé ọmọ náà mọ nǹkan kan lára, àfìgbà tí èyí tó ṣẹ́ kù ò bá tó nǹkan mọ́. Kò sí bísíkíìtì tí ìyá ẹ̀ ò bá rà tí kò ní ṣẹlẹ̀. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí mo mọ bó ṣe máa ń rí nínú ẹbí, wọ́n á ní ìyàwó ló fi Ìńdómìí àti mínírà ba ọmọ jẹ́, obìnrin tí ọkàn ẹ̀ ti dàrú tẹ́lẹ̀ á tún wá máa gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tiẹ̀ kiri.

Ínsúlínì yìí ló ń jẹ́ kí ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ráyè wọ inú ẹran ara kó lè di agbára. Tí ò bá sí mọ́, ọmọ á máa jẹun, ṣúgà á máa kún inú ẹ̀jẹ̀, ara ò sì ní rí i lò. Tí ṣúgà yẹn bá ti pọ̀ kọjá ohun tí kíndìnrín lè dá padà, á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ìtọ̀ jáde, kì í sì í dá lọ, omi ara ló máa ń fà dání. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń tọ̀ ṣáá, tí òùngbẹ fi ń gbẹ ẹ́ ṣáá. Níwọ̀n ìgbà tí ara ò sì ti rí oúnjẹ lò, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀rá àti ẹran ara fúnra ẹ̀, ọmọ á wá máa rù.

Ẹ mú ọmọkùnrin ọmọ ọdún méje kan, ká ní ó wà ní pírámárì 2. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ò ti tọ̀ sílé mọ́. Lọ́jọ́ kan ibùsùn tutù, ìyá ẹ̀ ò bínú, ó ní bóyá omi tó mu lálẹ́ ni. Lọ́jọ́ kejì ó tún tutù. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti ń lù ú, àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, àgbàlagbà kan nínú ilé ti ń sọ pé kí wọ́n so ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ ọn nídìí kí ojú lè tì í. Ní ilé ìwé, ó ń na ọwọ́ sókè, "Àńtí, mo fẹ́ tọ̀," kò tíì pé wákàtí kan ó tún na ọwọ́, àńtí á ní ó fẹ́ sá fún iṣẹ́ ni. Ike omi tó máa ń gbé padà wálé lábọ̀, ó ti gbẹ kí wọ́n tó lu aago ìsinmi, ó wá ń bẹ àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ pé kí wọ́n fún òun lómi. Lóru, wọ́n á gbọ́ tí fíríìjì ṣí, òun náà ni. Tí iná ò bá sí tí fíríìjì ò tutù, omi inú bàkẹ́ẹ̀tì ilé ìwẹ̀ náà á mu ún. Níbi tó bá tọ̀ sí lẹ́yìn ilé, èèrà á yí ibẹ̀ ká. Ṣòkòtò ilé ìwé tó ṣe rẹ́gí nígbà tí sáà bẹ̀rẹ̀ ti ń já bọ́ nídìí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ń wẹ̀ fún un, ẹ máa rí eegun ìhà ẹ̀ kan-kan-kan, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ló ń bu oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ó wá dẹ́kun bọ́ọ̀lù, tó bá ti tilé ìwé dé, á lọ fẹ̀yìn lélẹ̀.

Gbogbo ìyẹn lè ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta péré, kódà ó lè yá jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá jẹ́ ọmọ kékeré. Kò sì dìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá pé o. Nílùú Ọba, ẹgbẹ́ Diabetes UK ti ń kọ́ àwọn òbí pé mẹ́rin ni kí wọ́n máa fojú sí: ìtọ̀, òùngbẹ, àárẹ̀ àti rírù. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan nínú ẹ̀ fún ìyá tó wà nílé, ọmọ tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sílé tó tún wá padà sí i ni màá mú, torí ìyẹn ni ojú ń rí kíákíá, tí kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Ti ọmọ ọwọ́ le díẹ̀ nítorí kò lè sọ̀rọ̀, tọ̀sántòru ló sì ń tọ̀, ṣùgbọ́n ìyá á rí i pé pámpásì tó máa ń dé òwúrọ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń kún wúyẹ́wúyẹ́ kó tó di òru, ọmọ á máa fa ọmú bí ẹni tí ò rí omi rí, kò ní sanra, ibi tí pámpásì há á sí á pọ́n tí ìpara ò ní ran án. Àwọn ọmọbìnrin tó ti ń bàlágà lè máa ráhùn pé ojú ara ń hún àwọn. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ á ní àwọn ò rí bọ́ọ̀dù dáadáa mọ́.

Ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé dé kẹ́míìsì, tí ìyá á ní ara ẹ̀ ò yá, kò lókun, ó bì láàárọ̀. Kẹ́míìsì á po oògùn ibà fún un. Tó bá di ọjọ́ kẹta tí ò lọ, wọ́n á lọ sí láàbù, èsì á jáde pé ibà plọ́ọ̀sì kan, táífọ́ọ̀dì plọ́ọ̀sì méjì, ọkàn gbogbo èèyàn á balẹ̀ pé àwọn ti rí ohun tó ń ṣe é. Ẹ wò ó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ pé kòkòrò ibà wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yẹn, torí níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ tó bí ọ̀dọ̀ wa yìí, ọmọ tára ẹ̀ dá ṣáṣá náà lè ní in lára. Pé wọ́n rí ibà ò ní kí àtọ̀gbẹ má sí níbẹ̀, méjèèjì lè jọ wà. Ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló tún wá ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá: torí pé ọmọ ò lókun, wọ́n á po Glúkóòsì fún un mu, wọ́n á ra Lúkósáàdì, bàbá ẹ̀ á gbé máàtì bọ̀ láti ibi iṣẹ́, tí kò bá sì lè mu ún mọ́, wọ́n á so dírípù tó ní ṣúgà nínú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Mi ò bá nọ́ọ̀sì tó so dírípù yẹn jà o. Ibà tó le máa ń jẹ́ kí ṣúgà ọmọ já wálẹ̀ débi tó léwu, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ wọn pé kí wọ́n má fi ṣúgà jáfara, ọmọ tí ìyẹn sì ti gbà là láwọn ọsibítù wa ò lóǹkà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ̀rọ tó máa sọ fún wọn bóyá ó já wálẹ̀ ni àbí ó ti ga jù wà níbẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kí wọ́n lò ó kí wọ́n tó so dírípù.

Ti àwọn tó ń gbé ọmọ lọ sórí òkè tàbí sọ́dọ̀ wòlíì náà kò yàtọ̀. Àdúrà dáa, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ má gbààwẹ̀ fún ọmọ tó ń rù tó ń tọ̀ ṣáá láìtíì yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, torí ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi máa wà lórí òkè yẹn lè jẹ́ gbogbo àyè tó ṣẹ́ kù fún un.

Kí ló dé tí àyè fi máa ń kéré tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀rá tí ara ń jó dípò ṣúgà ló fà á. Tí ara bá ń jó ọ̀rá láìsí ínsúlínì, nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní kítóònù á máa kóra jọ, ẹ̀jẹ̀ á di ásíìdì. Ibẹ̀ ni àìsàn náà ti ń paṣọ dà. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í bì, inú á máa run ún gan-an débi tí wọ́n lè rò pé àpẹ́ńdíìsì ni kí wọ́n máa múra iṣẹ́ abẹ. Á máa mí kíákíá, á máa mí jinlẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé, wọ́n á ní òtútù àyà ni tàbí ásímà, bẹ́ẹ̀ tí dókítà bá fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà ẹ̀, àyà mọ́, kò sí ikọ́. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ẹnu ẹ̀, òórùn kan á máa jáde, bíi ti èso tó ti pọ́n jù tàbí omi tí wọ́n fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́ léèékánná. Lẹ́yìn ìyẹn oorun á máa gbé e lọ, á máa sọ̀rọ̀ tí kò yéni, tó bá sì dákú, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sáwọn èèyàn lọ́kàn ni ibà tó wọ ọpọlọ.

Nǹkan kan wà tó yẹ kí gbogbo nọ́ọ̀sì àti gbogbo ìyá mọ̀ sórí, ó sì rọrùn. Ọmọ tó ń bì tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru tí omi ti tán lára ẹ̀, tí ètè ẹ̀ gbẹ, tí ojú ẹ̀ jìn wọnú, ìtọ̀ ẹ̀ máa ń dín kù ni, ó lè má tọ̀ láti àárọ̀. Tẹ́ ẹ bá wá rí ọmọ tí ètè ẹ̀ gbẹ, tí ojú ẹ̀ jìn, tó ń bì, síbẹ̀ tó ń tọ̀ yàà, ẹ má jókòó, kì í ṣe ìgbẹ́ gbuuru lásán nìyẹn. Wákàtí ni wọ́n ń kà níbi tó dé yẹn, kì í ṣe ọjọ́. Ọsibítù tó ní ínsúlínì, tó lè yẹ kítóònù wò, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá omi padà sára ọmọ díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e lọ tààrà, torí tí wọ́n bá dà á padà pẹ̀lú ìkánjú, ọpọlọ lè wú.

Àyẹ̀wò ọ̀hún gan-an ò le rárá. Kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ ọmọ kí wọ́n sì nù ún gbẹ, ẹ má fo ìyẹn o, torí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọsàn tàbí tó mu máńgòrò, ṣúgà tó wà lára ìka ẹ̀ nìkan lè mú kí ẹ̀rọ sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìka ni wọ́n ń gún, kì í ṣe orí ẹ̀, torí ẹ̀gbẹ́ kì í dùn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi sítíríìpù fa ẹ̀jẹ̀ náà, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ẹ̀rọ á gbé nọ́ńbà jáde. Fún ọmọ tára ẹ̀ le, tí ò tíì jẹun láàárọ̀, nọ́ńbà yẹn sábà máa ń wà láàárín 70 sí 100, ìyẹn tí ẹ̀rọ náà bá ń ka mg/dL. Tó bá jẹ́ 200 sókè nígbàkigbà láàárín ọjọ́, yálà ó ti jẹun tàbí kò tíì jẹun, tí àwọn àmì tí mo sọ yẹn sì wà lára ẹ̀, àtọ̀gbẹ nìyẹn. Àwọn ẹ̀rọ kan ń ka mmol/L, lórí tiwọn 11.1 ni 200 yẹn. Fún ẹni tó ti lo gbogbo òru láìjẹun, 126 sókè, tó jẹ́ 7.0, ni wọ́n ń wò. Nígbà míì ẹ̀rọ ò ní gbé nọ́ńbà kankan jáde, "HI" ló máa kọ. Àwọn kan rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ ni, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò bàjẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé ṣúgà náà ti ga kọjá ibi tí òun lè kà dé, lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìyẹn ju 600 lọ.

Tí wọn ò bá sì rí ẹ̀rọ yìí, wọ́n lè ki sítíríìpù ìtọ̀ bọ inú ìtọ̀ ọmọ náà, á fi hàn bóyá ṣúgà wà níbẹ̀ àti bóyá kítóònù wà níbẹ̀. Kò wọ́n, ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú aláboyún ló ní in nílẹ̀ torí òun ni wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ àwọn aláboyún wò.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kẹ́ ẹ gbé ọmọ tó ní àwọn àmì yìí padà sílé, kẹ́ ẹ má fún un lóúnjẹ, kẹ́ ẹ wá láàárọ̀ ọ̀la fún àyẹ̀wò. Ìyẹn wà fún àgbàlagbà tára ẹ̀ ṣì le. Ní Bírítéènì, ìlànà tí wọ́n fi lélẹ̀ fáwọn dókítà ni pé ọmọ tí wọ́n bá fura sí pé ó ní táípù 1 gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, kì í ṣe ọ̀la. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún tẹ́ ẹ ń dúró de àpọ́íńtìmẹ́ǹtì GP fún ọmọ tó ń tọ̀ tó sì ń rù, ẹ má dúró mọ́, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ sọ pé àtọ̀gbẹ lẹ̀ ń fura sí.

Àyẹ̀wò kan tún wà tí wọ́n ń pè ní HbA1c, tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn hàn. Ó wúlò, àmọ́ kì í ṣe òun ló yẹ kí wọ́n gbára lé fún ọmọ tí gbogbo ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, torí nọ́ńbà ẹ̀ lè má tíì gòkè dáadáa. Tọ̀dọ̀ wa tún wá yàtọ̀: ọmọ tó bá jẹ́ SS, ìyẹn fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kì í pẹ́ lára kó tó kú, ìdí nìyẹn tí HbA1c fi lè tàn wọ́n jẹ pé ṣúgà ẹ̀ dáa nígbà tí ò dáa. Kí òbí tó bá mọ jínótáìpù ọmọ ẹ̀ sọ ọ́ ní láàbù.

Àwọn kan á ní ta ló máa wá kọ́ gbogbo ayé ní gbogbo èyí. Wọ́n ti ṣe é rí níbì kan, ní Parma ní orílẹ̀-èdè Ítálì. Láti 1991 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ póṣítà mọ́ ilé ìwé 177 ní àgbègbè náà, ọ̀rọ̀ tó wà lórí ẹ̀ ò ju díẹ̀ lọ, títọ̀ sílé ló sì wà níwájú nínú ẹ̀. Wọ́n fún àwọn dókítà ọmọdé ní ẹ̀rọ tí wọ́n á fi máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò, wọ́n sì fún àwọn òbí ní nọ́ńbà fóònù tí wọ́n lè pè lọ́fẹ̀ẹ́. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nínú 100 ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àtọ̀gbẹ lára wọn, nǹkan bí 78 ni ásíìdì ti bò mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó dé ọsibítù. Láàárín ọdún mélòó kan tí wọ́n fi ṣe é, ó wálẹ̀ sí 12.5. Póṣítà ni o, kì í ṣe oògùn tuntun. Ilé ìwé pírámárì tó wà ní Ìbàdàn àti Òṣogbo náà ní ògiri, ọmọ tó ń na ọwọ́ sókè pé òun fẹ́ tọ̀ sì wà nínú kíláàsì kan níbẹ̀. Olùkọ́ tó bá ti rí póṣítà bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ ò ní na ọmọ yẹn mọ́, ìyá ẹ̀ ló máa ránṣẹ́ pè.

Àwọn ará Ítálì yẹn náà ló tún ṣòfin ní 2023 pé kí ìjọba máa yẹ àwọn ọmọdé wò bóyá ara wọn ti ń múra táípù 1 kó tó yọjú rárá. Ó ṣeé ṣe, torí pé nígbà tí ara bá ń bá àwọn sẹ́ẹ̀lì ínsúlínì jà, ó máa ń fi nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní áńtíbọ́dì sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ọmọ tó bá sì ti ní irú ẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé àtọ̀gbẹ ń bọ̀. Àwọn olùwádìí ti ń fi ẹ̀jẹ̀ ìka wá a lára àwọn ọmọdé ní Bírítéènì náà, ìwádìí yẹn ń jẹ́ ELSA, àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún náà sì lè wọ̀ ọ́. Lọ́dún 2022, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan tó ń jẹ́ teplizumab, tó lè dá àìsàn náà dúró fún nǹkan bí ọdún méjì sí mẹ́ta lára ẹni tí wọ́n bá tètè rí. Fún ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọdún méjì tí ò ní gba abẹ́rẹ́ kì í ṣe nǹkan kékeré. Owó ẹ̀ kọjá sísọ fún wa báyìí, mi ò ní tàn yín.

Kí dókítà sọ pé àtọ̀gbẹ ni, ìyẹn ti rọrùn. Táípù wo ni? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń ṣòro, pàápàá tó bá jẹ́ àgbàlagbà ló bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀, torí táípù 1 ò mọ ọjọ́ orí. Theresa May tó padà wá di olórí ìjọba Bírítéènì, ẹni ọdún 56 ni nígbà tí wọ́n rí i lára ẹ̀ ní 2012, táípù 2 ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, wọ́n fún un ní oògùn oníhóró, oògùn yẹn ò ṣiṣẹ́, ìgbà tí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò ni wọ́n wá rí i pé táípù 1 ni. Tí irú ìyẹn bá lè ṣẹlẹ̀ sí mínísítà nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ẹ fojú inú wo ẹni tó wà lọ́dọ̀ wa, tó ń rù, tí wọ́n ń fún ní metformin, oògùn oníhóró táípù 2, láti oṣù dé oṣù, tí ṣúgà ẹ̀ ò wálẹ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ béèrè àyẹ̀wò áńtíbọ́dì, tàbí èyí tí wọ́n ń pè ní C-peptide tó ń fi iye ínsúlínì tí ara ń dá ṣe hàn. Kì í ṣe gbogbo láàbù ló ń ṣe é, àwọn ọsibítù ńlá ni kí wọ́n ti wádìí.

Ìwádìí tí mo dárúkọ lókè yẹn, èyí tó jáde ní 2025, Kamẹrúùnù, Uganda àti South Africa ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n yẹ àwọn ọmọdé àtàwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti ń pè ní táípù 1 wò, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ni ò ní áńtíbọ́dì kankan lára. Ó lè jẹ́ pé oríṣi àtọ̀gbẹ míì ni apá kan wọn ní. Táípù 5 tí IDF gbà wọlé ní tiẹ̀ dá lórí àwọn tí ebi àti àìróúnjẹ tó dáa jẹ láti kékeré ti ṣèdíwọ́ fún pánkíríásì wọn. Ọ̀rọ̀ tó yẹ káwọn dókítà wa fọkàn sí gan-an ni, torí ó lè yí ìtọ́jú padà. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ń gbé e kiri pé a jẹ́ pé àwọn ọmọ yẹn ò nílò ínsúlínì nìyẹn. Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwádìí náà. Ọmọ tó ń rù tí ásíìdì ti wọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ínsúlínì ló máa gbà á lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n tó wá wádìí irú èyí tó jẹ́.

Ínsúlínì ló tún gbé mi dé ibi tó ń kó mi láyà sókè jù. Kó tó di oṣù January 1922, tí wọ́n fún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ní Toronto, kò sí ọmọ tó ń ní àìsàn yìí tó ń pẹ́ láyé. Lónìí abẹ́rẹ́ náà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ẹ̀ ti lọ sókè gan-an ní Nàìjíríà láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 2023. Tí ọmọ bá ti ń gbà á, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́ kù lára ẹ̀ á sinmi, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ínsúlínì díẹ̀. Ọmọ á sanra padà, á máa ṣeré, ṣúgà ẹ̀ á dáa, iye ínsúlínì tó ń gbà á wálẹ̀ gan-an. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n máa ń ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ó ti bọ́, ìgbà yẹn ni alágbo máa ń sọ pé àgbo òun ló ṣe é, òbí á sì kó abẹ́rẹ́ dànù. Kò tíì bọ́ o. Ó lè tó oṣù mélòó kan, ó lè tó ọdún kan, àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn á tán, gbogbo ohun tí mo ti sọ látòkè á padà wá, á sì yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tí ìwọ̀n abẹ́rẹ́ bá wálẹ̀, dókítà ló máa sọ iye tó yẹ kó kù, kì í ṣe òbí ló máa sọ ọ́ di òdo. Kódà lọ́jọ́ tí ibà bá mú ọmọ náà tí ò lè jẹun, ẹ má dáwọ́ ínsúlínì ẹ̀ dúró, ẹ pe àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀ kí wọ́n sọ iye tẹ́ ẹ máa fún un, kẹ́ ẹ sì máa yẹ ṣúgà ẹ̀ wò léraléra títí tára ẹ̀ á fi balẹ̀.